Bí Ikú Ìkókó Ṣe Dínkù ní Gadchiroli

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Maharashtra ní Índíà, ìlú Mumbai ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, pẹ̀lú ilé gogoro àti àwọn onísinimá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ náà tóbi. Bí èèyàn bá kọjú sí ìlà-oòrùn rẹ̀ títí dé ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, igbó kìjikìji ni yóò bá, ibẹ̀ ni Gadchiroli wà. Ọdún 1982 ni ìjọba yọ ọ́ kúrò lára àgbègbè Chandrapur, tí wọ́n sọ ọ́ di àgbègbè tó ń dá dúró. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn jù níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà Gond tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ sì pọ̀ nínú igbó náà. Bí òjò bá ti dé, odò a kún, ọ̀nà a dí, aláìsàn a sì wà níbi tó wà.

Nírú ibẹ̀ ni ikú ọmọ tuntun ti dínkù ju ìlàjì lọ láàárín ọdún mẹ́ta, láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kankan sí àwọn abúlé náà. Àwọn obìnrin abúlé ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gbọ́ nípa rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí àwọn obìnrin náà ń gún fún ìkókó ni wọ́n máa ń rántí. Èmi, ohun tó ṣáájú abẹ́rẹ́ náà ló jẹ mí lógún: bí wọ́n ṣe ka ọmọ tí wọ́n bí àti ọmọ tó kú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn obìnrin náà níṣẹ́, àti bí ẹnì kan ṣe ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Níbi tí wọ́n ti yọ èyí sílẹ̀ tí wọ́n mú ìyókù lọ, èso rẹ̀ kéré. N ó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn bí a bá dé ibẹ̀.

Tọkọtaya dókítà kan, Abhay Bang àti Rani Bang, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Gandhi ní Sevagram, lẹ́bàá Wardha, ni Abhay ti dàgbà. Rani ní tirẹ̀ jẹ́ dókítà àwọn obìnrin. Wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlera ará ìlú ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, wọ́n padà sílé, nígbà tó sì di ọdún 1986 wọ́n kó lọ sí Gadchiroli, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀, tó ń jẹ́ SEARCH. Ibi tí ọ̀pọ̀ dókítà ń sá fún ni àwọn méjèèjì forí lé.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe dùn mọ́ mi púpọ̀. Wọ́n bi àwọn Gond léèrè pé kí ló dé tí wọn kì í fẹ́ wá sí ilé ìwòsàn. Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà kò sí nínú ìwé dókítà kankan. Àwọn èèyàn náà ní aṣọ funfun tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ń wọ̀ jọ aṣọ tí àwọn fi ń dì òkú. Wọ́n ní wọn kì í jẹ́ kí ẹbí dúró ti aláìsàn níbẹ̀. Wọ́n tún ní kò sí òrìṣà àwọn níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí SEARCH fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn, ahéré bíi ti abúlé ni wọ́n kọ́, kí ẹbí lè bá aláìsàn gbé, wọ́n sì fi orúkọ Danteshwari, òrìṣà obìnrin tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń bọ, pè é. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń sùn lórí bẹ́ńṣì níta ilé ìwòsàn, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọlé ti ọmọ wọn, á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára.

Ìtàn kan wà tí Abhay Bang ti sọ ní gbangba. Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, abiamọ kan gbé ọmọ rẹ̀ tó ti rù kan egungun wá bá wọn nílé. Orí ibùsùn tọkọtaya náà ni wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí, kí wọ́n sì tó lè ṣe ohunkóhun, ó ti dákẹ́. Lẹ́yìn náà, dókítà jókòó, ó ro gbogbo ohun tó pa á. Ó ka 18. Ebi wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, adáhunṣe tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ bá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àìmọ̀wé àti ọ̀nà tó jìn. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró títí òṣì àti àìmọ̀wé yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, ọmọ mélòó ni yóò kú sí i? Ó wá rí i pé ńṣe ni àwọn ohun 18 náà so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Kò dìgbà tí èèyàn bá já gbogbo rẹ̀. Bí ojú kan bá ti já, ọmọ lè yè.

Òtútù àyà ni ojú tí wọ́n kọ́kọ́ já. Ọmọ tí òtútù àyà bá ń ṣe a máa mí lemọ́lemọ́. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù méjì tó bá mí tó ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, òtútù àyà ti mú un nìyẹn. Èyí tó ti ju oṣù méjì lọ tí kò tíì pé ọdún kan, 50 ni ààlà tirẹ̀. Gbogbo ìmọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju kíkà lọ. Àmọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ kò kàwé, wọn kò sì lè ka nǹkan dé 50. Dípò kí SEARCH lé wọn dànù, wọ́n ṣe ohun èlò kékeré kan fún wọn. Dígí oníyanrìn wà lára rẹ̀, tí yanrìn inú rẹ̀ ń dà tán ní ìṣẹ́jú kan. Ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lára rẹ̀ ní ìlà méjì, ọ̀kan fún ìkókó, èkejì fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Agbẹ̀bí á yí dígí náà dé, á tẹjú mọ́ àyà ọmọ, bó bá ka mẹ́wàá á ti ìlẹ̀kẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ti ìlẹ̀kẹ̀ pupa tó wà lópin kí yanrìn tó dà tán, òtútù àyà ni. Kò sí ìwé kíkà níbẹ̀, kò sí ìṣirò orí.

Lábẹ́ ètò yìí, oògùn apakòkòrò olómi, cotrimoxazole, ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet lọ́dún 1990, kò tó ọmọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 0.8, ló kú nínú àwọn tí òṣìṣẹ́ abúlé tọ́jú. Ní àwọn abúlé tí wọ́n fi wé wọn, ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni òtútù àyà pa nínú àwọn tó mú.

Èèyàn lè rò pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Kò parí. Wọ́n ń ka ọmọ tí wọ́n ń bí àti èyí tó ń kú láì dáwọ́ dúró, ìwé náà ló sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí fún wọn. Láàárín ọdún 1993 sí 1995, ní abúlé 39 tí wọ́n fẹ́ máa ṣiṣẹ́ sí, nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè, 75 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Nínú 75 yẹn, 62 ni kò lo ọjọ́ 28 láyé. Ikú ọmọdé ti sún sẹ́yìn, ó ti sún lọ sí oṣù àkọ́kọ́, nígbà tí ìyá àti ọmọ ṣì wà nínú yàrá, tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ síbi ìwé kíkọ yìí díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, títí kan tiwa, ọmọ tó bá kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ kì í sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Wọn ò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sunkún pẹ́, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìtùnú ni ọ̀rọ̀ yẹn, n kò sì bá ẹni tó ń sọ ọ́ jà. Àmọ́ ọmọ tí wọn kò kọ sílẹ̀, ìjọba ò mọ̀ pé ó wá sáyé. Ní Gadchiroli, wọ́n ní láti mọ gbogbo obìnrin tó lóyún ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ oṣù rẹ̀, kí wọ́n mọ ọjọ́ tó bí, kí wọ́n sì mọ bí ọmọ náà ṣe wà ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Láìsí èyí, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá oògùn kan ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Wọ́n wá yan abúlé 39 fún iṣẹ́, tí èèyàn inú wọn jẹ́ bíi ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógójì, wọ́n sì fi abúlé 47 mìíràn ṣe ìfiwéra. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́, wọ́n wá obìnrin kan tó ń gbé ibẹ̀, tó lọ iléèwé bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń wọn ọmọ, bí a ṣe ń fi tẹmómítà sí abíyá, bí a ṣe ń ka èémí, bí a ṣe ń kọ ohun tí a rí sínú ìwé. Bí aboyún bá ń rọbí, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ló ń gbẹ̀bí, tirẹ̀ ni pé kó gba ọmọ, kó wò ó, kó sì máa padà wá ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n là sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi pé ọjọ́ 28. Dókítà kan ń dé abúlé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Á yẹ ìwé obìnrin náà wò, á wo àwọn ọmọ fúnra rẹ̀, á sì wò ó bóyá ohun tí obìnrin náà kọ bá ohun tó wà nílẹ̀ mu.

Odidi ọdún kan, láti April 1995 sí March 1996, ni wọ́n fi kọ́kọ́ wo bí ìkókó ṣe ń gbé oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ilé. Ìkókó 763 ni wọ́n wò. Nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n bí sílé. Ìdá 42 ni kò tẹ̀wọ̀n tó. Ìdá 17 ni àmì kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ hàn lára wọn. Ìdá 54 ló nílò ìtọ́jú lọ́nà kan tàbí òmíràn. Àwọn tó rí ìtọ́jú gbà ńkọ́? Ìdá 2.6. Mo ti ka nọ́ńbà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì tíì mọ́ mi lára. Nínú ogójì ọmọ tó kú lọ́dún náà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ló pa ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì. Nínú ìyókù, èémí tó há nígbà ìbí àti ìbí àìpóṣù ló pa èyí tó pọ̀ jù.

Àwọn kan ti bi wọ́n pé ṣé ó tọ́ kí èèyàn máa wo ìkókó tó ń ṣàìsàn kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Wọn kò wò wọ́n níran o: òtútù àyà ṣì ń gba oògùn, àwọn ìyá ń gba ìmọ̀ràn, wọ́n sì ń rọ ẹbí láti gbé ọmọ tó bá wà nínú ewu lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹbí ni kì í lọ. Ìmọ̀ pé wọn kì í lọ, bí wọ́n tilẹ̀ rọ̀ wọ́n, lóhun tó jẹ́ kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ tó kàn. Tèmi ni pé ọdún yẹn kò ṣòfò. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìdajì ikú náà jẹ́ ti kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, á lọ ra ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru, á sì máa ṣe kàyéfì pé ikú kò dáwọ́ dúró.

Ní ọdún 1996, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gentamicin, oògùn apakòkòrò, lé àwọn obìnrin náà lọ́wọ́, pẹ̀lú cotrimoxazole. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ní láti wá ọ̀nà tí ẹni tí kò ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò fi mọ̀ pé kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Wọ́n padà sínú ìwé ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ṣa àwọn àmì tó ń ṣáájú ikú jáde. Ọmọ tó ń ké dáadáa tẹ́lẹ̀, igbe rẹ̀ wá rẹlẹ̀ tàbí ó dákẹ́. Ọmọ tó ń fa ọyàn dáadáa tẹ́lẹ̀, kò fà á mọ́. Ọmọ tó ta kébé tẹ́lẹ̀, ó wá ń tòògbé ṣáá, jíjí rẹ̀ di ogun. Ara rẹ̀ gbóná jù tàbí ó tutù jù. Ó ń bì, ó ń ṣu gbuuru, tàbí ikùn rẹ̀ wú. Ó ń mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ó ń kérora, tàbí àyà rẹ̀ ń wọnú. Ọyún yọ ní ìdodo tàbí lára awọ rẹ̀. Bí méjì nínú wọn bá pàdé lára ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó tó.

Ẹ wo mẹ́ta àkọ́kọ́. “Tẹ́lẹ̀” ló gbé wọn ró. Ẹni tó bá rí ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré kò lè mọ̀ pé igbe rẹ̀ ti rẹlẹ̀, kò gbọ́ bó ṣe ń dún lánàá. Dókítà ìlú ńlá tí wọ́n bá gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò lè mọ̀ ọ́n, àfi kó bi ìyá. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó padà wá lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta, á mọ̀ ọ́n. Ìdí rèé tí n kò fi gbà pé àbẹ̀wò ilé jẹ́ àfikún lásán lórí oògùn. Àbẹ̀wò yẹn gan-an ni àyẹ̀wò. Bí a bá mú un kúrò, abẹ́rẹ́ á wà nílẹ̀, a ò ní mọ ọmọ tí a ó gún un fún.

Bí àbẹ̀wò kan ṣe ń lọ nìyí. Obìnrin náà á dé, á fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó fara kan ọmọ. Á kọ́kọ́ bi ìyá bí ọmọ ṣe ń mu ọyàn àti bó ṣe sùn. Á gbé ọmọ sínú aṣọ tó so mọ́ ìwọ̀n, á ka ohun tí ìwọ̀n sọ, á kọ ọ́. Á wo tẹmómítà. Á ká aṣọ kúrò láyà ọmọ, á ka èémí fún odidi ìṣẹ́jú kan. Á wo ìdodo. Bí àmì méjì bá pé, kò ní sáré fa abẹ́rẹ́ yọ. Á kọ́kọ́ sọ fún àwọn òbí pé ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lọ, á bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí òun tọ́jú rẹ̀ nílé, wọ́n á sì fọwọ́ sí ìwé. Ìgbà yẹn ni yóò tó gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ọmọ tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i, ó ti kọ́ bí a ṣe ń fa omi kúrò lẹ́nu àti imú rẹ̀, àti bí a ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n, á kọ́ ìyá bí yóò ṣe mú un móoru, bí yóò ṣe máa fún un lọ́yàn lemọ́lemọ́.

Ní oṣù December ọdún 1999 ni èsì jáde nínú The Lancet. Ní abúlé 39 náà, ikú ọmọ tuntun ti kúrò ní 62 nínú 1,000, ó ti bọ́ sí 25.5. Ní àwọn abúlé ìfiwéra, ó wà ní 58 tẹ́lẹ̀, ó sì wà ní nǹkan bí 60 lọ́dún tí ìwádìí parí. Bí wọ́n bá wọn èyí sí ìyẹn, ìdínkù ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀ wọn, bíi 17 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ sí bíi mẹ́ta. Owó tí wọ́n ná lórí ìkókó kan jẹ́ dọ́là márùn-ún àti sẹ́ńtì díẹ̀, àwọn olùwádìí sì ṣírò pé nínú ìkókó 18 tí wọ́n bá tọ́jú, ẹ̀mí kan ni wọ́n ń gbà là.

Ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò gbà. Wọ́n ní obìnrin tí kò lọ jìnnà níléèwé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, pàápàá abẹ́rẹ́ gentamicin, tó jẹ́ pé bó bá pọ̀ jù ó lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀tàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ̀sín. Ohun tí mo fi ń dáhùn ni pé SEARCH kò fi abẹ́rẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí àwọn obìnrin náà ti ń wọn ọmọ, tí wọ́n ti ń ka èémí, tí dókítà ti ń yẹ ìwé wọn wò, kó tó kan abẹ́rẹ́. A sì gbọ́dọ̀ fi ewu abẹ́rẹ́ wé ewu tó wà nílẹ̀ gan-an, èyíinì ni ọmọ tí ẹbí rẹ̀ ti ní àwọn ò gbé e lọ síbì kankan.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ náà tàn ká. Àwọn àjọ mìíràn ṣe irú rẹ̀ níbi méje ní Maharashtra. Ní Sylhet ní Bangladesh, níbi tí òṣìṣẹ́ abúlé ti ń lọ sílé tí wọ́n sì ń gún abẹ́rẹ́, ikú ọmọ tuntun fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ní Shivgarh, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní Índíà, kò sí abẹ́rẹ́ rárá. Ńṣe ni wọ́n jókòó ti àwọn ìyá, àwọn ìyá ọkọ àti àwọn agbẹ̀bí, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gba ọmọ, bí a ṣe ń gbé e mọ́ àyà, bí a ṣe ń tètè fún un lọ́yàn. Ikú fi ìdá 54 dínkù. Lọ́dún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF jọ kéde pé kí orílẹ̀-èdè máa rán òṣìṣẹ́ lọ wo ọmọ tuntun nílé. Lọ́dún 2011, ìjọba Índíà fi iṣẹ́ náà kún ti àwọn obìnrin ASHA, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí ètò wọn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Àbẹ̀wò mẹ́fà ni fún ọmọ tí wọ́n bí sílé ìwòsàn, méje fún èyí tí wọ́n bí sílé, nígbà náà, 250 rúpì ni wọ́n ń san lórí ọmọ kan bí àbẹ̀wò bá pé.

Ẹ̀rí tí mo ṣèlérí nìyí, tòsí wa ni mo sì ti mú un. Ní Gánà, ní agbègbè Brong Ahafo, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní Newhints, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Àwọn ará àdúgbò tó ń yọ̀ǹda ara wọn ló ń lọ wo aboyún lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì ń lọ wo ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìkókó tó ń kú nínú 1,000 jẹ́ bíi 30 níbi tí wọ́n ti ṣe é, ó jẹ́ bíi 32 níbi tí wọn ò ti ṣe é. Ìdínkù ìdá mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún, tó kéré débi pé ó lè jẹ́ èèṣì. Àwọn ìyá gba ìmọ̀ràn o, ìwà wọn sì yí padà sí rere lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ikú ni kò yí padà tó. Ó yẹ kí n sọ pé Gánà kò rí bí Gadchiroli: ikú kò pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń bímọ sílé ìwòsàn sì pọ̀ jù. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi méjèèjì síra, ohun tí mo rí ni pé ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn ní Gadchiroli ní nǹkan tó lè ṣe lójú ẹsẹ̀, àbẹ̀wò rẹ̀ pọ̀, ẹnì kan sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láì dá ọ̀sẹ̀ méjì kọjá.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà dé ilé wa níkẹyìn. Láàárín ọdún 2011 sí 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kòkárí ìwádìí AFRINEST ní Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Nàìjíríà. Ní Nàìjíríà, ìlú mẹ́ta ni: Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Zaria. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebunoluwa Adejuyigbe ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ìkókó tí àmì àìsàn líle wà lára wọn, tí àwọn òbí wọn kò lè gbé lọ sílé ìwòsàn ńlá tàbí tí wọ́n kọ̀, ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Àwọn 3,564 ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́rin. Ìsọ̀rí kan gba abẹ́rẹ́ fún odidi ọjọ́ méje gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Fún àwọn ìyókù, wọ́n fi amoxicillin, oògùn apakòkòrò tí ọmọ ń mu, rọ́pò apá kan abẹ́rẹ́ náà. Fún ìsọ̀rí méjì nínú wọn, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n gún, oògùn mímu ló kù. Èsì jáde lọ́dún 2015: kò sí èyí tó rẹ̀yìn nínú wọn. Fún ìkókó tó jẹ́ pé èémí rẹ̀ tó ń yára nìkan ni àmì, amoxicillin tó ń mu nìkan tó. Lọ́dún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tuntun jáde, tó sọ ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe fún irú ìkókó bẹ́ẹ̀ bí ẹbí bá ní àwọn kò lè lọ síwájú.

Èyí ṣe àtúnṣe sí ibì kan tí ọ̀nà Gadchiroli kù sí. Abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀ ni wàhálà, ó ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ń dun ọmọ. Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá dínkù, iṣẹ́ á rọrùn fún nọ́ọ̀sì àti fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tó wà ní àwọn ilé ìlera wa. Ìwádìí orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kò ń pé ọjọ́ 28, àti pé nínú ọmọ 100, 39 péré ni wọ́n ń bí sí ilé ìwòsàn. Àwọn ìyókù wà nínú ilé, lọ́dọ̀ agbẹ̀bí, àti ní ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú AFRINEST pàápàá, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń kọ orúkọ aboyún sílẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ wo ọmọ nílé kí wọ́n tó lè rí èyí tó ń ṣàìsàn. Oògùn kò tọ ọmọ lọ fúnra rẹ̀.

Bí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ilẹ̀ wa bá ní àwọn fẹ́ ṣe irú èyí, ohun mẹ́ta ni mo máa bi wọ́n léèrè. Ta ló ní orúkọ gbogbo aboyún tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn lónìí? Ta ló máa wà lọ́dọ̀ ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó tún máa padà wá lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, kó lè mọ̀ bí igbe rẹ̀ bá yí padà? Àti ta ló ń tọ obìnrin yẹn lẹ́yìn, tó ń ṣí ìwé rẹ̀, tó ń wo ọmọ tó kọ nípa rẹ̀? Owó irinnà ẹni kẹta yìí ni mo máa kọ́kọ́ wá nínú ìwé ìṣúná wọn, kí n tó wo iye gentamicin tí wọ́n fẹ́ rà.